Patanmọ́ Ọ̀nà Odò Òkè-Ìṣin

Ní ayé ìgbà tí àwọn akónilẹ́rú ń da ilẹ̀ wa láàmú, kò sí ìlú tí ẹ̀rù bà tó Òkè-Ìṣin. Ọ̀sán gangan làwọn aṣebi náà máa ń wá, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ sóko. Wọ́n á ba sínú koríko ẹ̀bá odò, bí obìnrin bá sì ti pọ̀ létí omi, wọ́n á kó wọn lọ. Yangí ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í gba ipa ẹsẹ̀. Ẹni tó lọ pọnmi kì í mọ̀ bóyá òun á padà wá gbé ọmọ òun tó ń sunkún nílé, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nínú ìlú yìí ni Ẹfúnyẹlá ń gbé, awẹ́lẹ́wà obìnrin, a-bẹ̀rù-má-sàá. Ọkọ rẹ̀ ló sá lójú ogun, tí kò padà mọ́. Àṣà Òkè-Ìṣin sì ni láti gbin patanmọ́ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá sá. Ewé ojo ni wọ́n ń pè é, nítorí bí a bá fọwọ́ kàn án péré, á ká ara rẹ̀ jọ, á sorí kodò. Àwọn ará wa! Wọ́n rí ìtìjú rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ roboto tó rọ̀ bí òwú, wọn ò ka ẹ̀gún rẹ̀ sí. Ẹfúnyẹlá kò hú èyí tí wọ́n gbìn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń wò ó lójoojúmọ́: bí ewúrẹ́ bá kọjá, ewé á pa dé, kí ó tó lọ ata tán, á tún ti là. Ìgbà tó yé e tán, ó kó èso rẹ̀, ó gbìn ín lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà odò. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ló fẹ́ fi ṣe odi ìlú.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀ dé odò. Bí Ẹfúnyẹlá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó rí i tí patanmọ́ ti pa dé pátápátá láti ojú ọ̀nà títí dé ìdí koríko tó wà lẹ́yìn ọmọ náà. Kò tíì là. Ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tíì jìnnà! Bó bá pariwo pé kí ọmọ sá, wọ́n á ti dì í mú.

Ó ṣe ohùn bí ìyá tínú ń bí, ó ní, “Àwẹ̀ró! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jókòó létí omi nìyẹn? Pa itan mọ́!”

Àwẹ̀ró kò jókòó rárá, ìró rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ó wolẹ̀, ó rí ewé patanmọ́ tó pa dé.

“Ẹ má bínú, ìyá mi.”

“Gbé akèrègbè yẹn sílẹ̀ fún mi. Lọ pe gbogbo àwọn ìyàwó ilé kí wọ́n wá pọnmi. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ̀yìn o!”

Àwọn tó ba gbọ́ pé ẹran púpọ̀ ń bọ̀, wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ẹfúnyẹlá ló kù. Ẹ̀rù bà á débi pé omi ló ń bù sínú akèrègbè tó ti kún, ó ń dà á nù, ó tún ń bù ú. Ó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú koríko lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, “àwọn ìyàwó ilé” dé, wọ́n ró ìró, wọ́n wé gèlè. Àwọn ọkùnrin oko etílé tí Àwẹ̀ró lọ pè ni, àdá wà lábẹ́ aṣọ, irùngbọ̀n Baálẹ̀ Òjẹ́wùmí sì ń yọ lábẹ́ ìborùn. Bí àwọn akónilẹ́rú ti fò jáde, ọwọ́ àdá ni wọ́n kó sí. Olórí wọn ṣá Ẹfúnyẹlá lápá kí wọ́n tó ṣá òun náà balẹ̀, apá náà kò gbé nǹkan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n akónilẹ́rú ò wá sí Òkè-Ìṣin mọ́.

Baálẹ̀ bi í pé, “Ẹfúnyẹlá, ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?”

Ó ní, “Ó bà mí, Bàbá. Ó ṣì ń bà mí báyìí.”

Títí dòní, ìyá kan kì í fi “pa itan mọ́” bá ọmọbìnrin wí ní Òkè-Ìṣin. Bí àgbàlagbà bá sọ ọ́ níbẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á dákẹ́, ẹni tó ń rìn á dúró, gbogbo wọn á wolẹ̀.