Ọwọ́ Òsì Lójú Ọba

Ẹ gbà mí! Rẹ́nikẹ́ ọmọ alága ẹgbẹ́ tẹníìsì wa, ọlọ́wọ́ òsì tí ẹnikẹ́ni kì í lè dá bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà, ló sọ fún Mojíbádé tó ń gbálẹ̀ pápá tẹníìsì wa pé: “Bí o ò bá borí mi lójú ọba lónìí, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù níbí mọ́ láé!” Mojíbádé ní: “Ó dáa, àǹtí. Àmọ́ Kábíyèsí ló jókòó lẹ́yìn mi yìí o. Ṣé ọwọ́ òsì lẹ máa nà sí wọn?” Ni Rẹ́nikẹ́ bá sáré gbé rákẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ ọ̀tún. Háà! Inú nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń há sí títí Mojíbádé fi borí. Nígbà tí ọba máa gbé ife-ẹ̀yẹ fún un, òsì ni wọ́n nà jáde: àṣé ọlọ́wọ́ òsì ni Kábíyèsí fúnra wọn!