Akínrógun àti Àwọn Àgbà Ìdóṣà

Ní ìgbà láéláé, kí ogun tó tú àwọn ìlú etí odò ká, Akínrógun, òkè tí ẹ̀fúùfù kò lè ṣí nídìí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìlú Ìdóṣà. Ó ti dá gbogbo ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, tí ìyá rẹ̀ fún òun àti Akínrógun lọ́mú pọ̀ nígbà tí ìyá Akínrógun kú, ẹrú Balógun ló ṣì jẹ́.

Ní Ìdóṣà, ọ̀rọ̀ kì í di òfin àfi tí gbogbo àgbà bá fẹnu kò. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sùn di ọdún ìjẹṣu mìíràn.

Akínrógun dìde nínú ìpàdé. “Ẹ̀yin bàbá mi, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a tú wọn sílẹ̀.”

Àwọn àgbà ń wí lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Òótọ́ ni.”

Balógun rẹ́rìn-ín. “Akínrógun, wọ́n ní ìwọ lò ń pọnmi fúnra rẹ báyìí. Ọrùn rẹ ò tíì wọ́ bí?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó sí i.” Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀.

Báyìí ló rí lọ́dọọdún. Ti ẹnì kan, òrùlé rẹ̀ ni kò tíì bò tán; ti ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ ló ń lọ sílé ọkọ. Kò sí ẹni tó sọ pé rárá. Akínrógun tó ti dojú kọ ẹkùn rí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí wọn. Ọ̀tá tó bá kọ̀ fún ọ, o mọ ibi tí wàá ti gbá a mú. Ẹni tó ń gbà fún ọ tí kò sì ṣe é, kò ṣeé dì mú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ti oko dé, ó gbọ́ pé Balógun ti ta Àwẹ̀ró sí òdì kejì odò. Ó sáré dé èbúté.

“Bàbá, wọ́n ti gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún,” ni atukọ̀ wí. “Ó ń pe orúkọ yín títí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.”

Ní ìjẹṣu tó tẹ̀lé e, gbogbo ẹnu kò. Balógun pàápàá ní, “Ó tó àkókò.” Wọ́n dá gbogbo ẹrú sílẹ̀, wọ́n sì jó wá sí èbúté, níbi tí Akínrógun ti ń dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta Àwẹ̀ró, láti gbé e sí èjìká.

Ó bi wọ́n pé, “Ta ló mọ ọ̀nà tí wọ́n mú Àwẹ̀ró gbà?”

Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n padà sílé.

Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá gúnlẹ̀ ló ń bi léèrè Àwẹ̀ró, títí ikú fi mú un; ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Títí di òní, àwọn tó fẹ́ sọdá yóò kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bọ̀ pé, “Ẹ rí Àwẹ̀ró bí?”

Àwọn yẹn yóò dáhùn pé, “A ò rí i.”

Nígbà náà ni atukọ̀ yóò tó ti ọkọ̀ sómi.