Oyè Tó Dí Ihò Mọ́tò
Ní ìlú wa, ẹni tó bá bá Olóyè Adéṣìgbìn jiyàn, kó yáa di ẹrù rẹ̀. Ó pe Kọ́láwọ̀ pánẹ́bítà wá sílé, ó fi mọ́tò ìjàpá bàbá rẹ̀ tó ti dípẹtà hàn án, ó ní: “Tún ara rẹ̀ ṣe. Mi ò ra páànù, o ò sì gbọdọ̀ gbé irin wọlé. Ohun tó bá wà nínú ọgbà yìí ni kí o lò. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, tí mo fi òòfà tó ń fa irin kan ara rẹ̀, tó já bọ́ níbì kan, pọ́tì tí ẹ̀yin pánẹ́bítà fi ń dí ihò nìyẹn, àgọ́ ọlọ́pàá lo máa sùn.” Kọ́láwọ̀ ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ó wo ọgbà yíká, ó rí pátákó onírin ńlá tí Olóyè kọ gbogbo oyè rẹ̀ sí lẹ́nu géètì. Ó gé e, ó jó o mọ́ ara mọ́tò, ó kun ìta rẹ̀ títí ó fi ń dán. Olóyè dé tòun tàlejò, ó fi òòfà kan gbogbo ara mọ́tò, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn kó jókòó, ló bá rí oyè ara rẹ̀ gàdàgbà níhà inú. Ó jágbe: “Tú u kúrò!” Kọ́láwọ̀ gbé òòlù sókè: “Ó yá, Bàbá. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọ́ lójú àlejò, Ọ̀tún ni àbí Bàbá Ìjọ?” Olóyè rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó ní: “Mọ́tò bàbá mi, ìta la ti ń wò ó.”