Láníhùn Bá Adìẹ Sàba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí òfófó ni mo gbé wá lónìí. Òfófó ilé àna ni, ẹ sì mọ̀ pé kò sí èyí tó dùn tó o.

Ṣé ẹ mọ òwe tí wọ́n máa ń pa yẹn, pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀? Ó ti pẹ́ tó ti ń rú mi lójú. Ẹ wò ó, mo ti pa adìẹ ọdún, mo ti pa adìẹ ìkómọ, mo ti fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ wọn títí ọwọ́ mi fi bó. Mi ò rí èyí tó nu òógùn ojú ẹ̀ rí. Ta ló wá rí òógùn adìẹ tó fi dòwe? Mo bi ìyá tó bí ìyá mi, òun ló sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe, ó ń fi koríko bolé fún èèyàn. Ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáká níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tiẹ̀ ń jò. Kí ló fà á? Ògógóró ni. Kó tó rún orín láàárọ̀, ó ti kan ọtí. Tí ò bá sì mu ún, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé, kò ní lè di okùn. Àwẹ̀ró ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó rán àgbà sí i. Láníhùn á ní, "Mo ti fi sílẹ̀, ìyàwó mi. Láti àná." Kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti gbé e wálé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ wọn lórúkọ ni okùn já. Olórí ẹbí gbé ọtí àdúrà, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò.

"Ẹ̀yin ará ilé," ó ní, "omi kan la gbé kalẹ̀ fún àdúrà. Èwo tún ni omi kejì yìí?"

Ẹ gbà mí o! Láníhùn ti mu ọtí orúkọ ọmọ ẹ̀, ó sì ti da omi dí i! Àwẹ̀ró ò bú u. Ó pọn ọmọ, ó gba ilé ìyá ẹ̀ lọ.

Ìyá Ẹfúntọ́lá ni wọ́n ń pe ìyá ẹ̀. Adìẹ ló ń sìn, ẹnu ẹ̀ sì mú. Nígbà tí Láníhùn wá dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀, ó jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

"Màmá, ẹ dákun, mo ti fi sílẹ̀."

"Láti àná?"

Láníhùn tún da ojú bolẹ̀.

"Dìde jàre, erùpẹ̀ ti kún irùngbọ̀n ẹ. Ṣé o rí àgbébọ̀ mi tó wà nínú agbọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn? Àná ló sàba. Jókòó tì í. Tó bá dìde lọ jẹ, kí ìwọ náà lọ jẹ. Tó bá padà, kó o padà. Ọjọ́ tó bá pamọ, tí ọtí ò bá tíì kan ẹnu ẹ, mú aya ẹ àti ọmọ ẹ máa lọ. Tó o bá mu ún, má tún wá ibí mọ́."

"Ìjókòó nìkan, Màmá?"

"Ìjókòó nìkan, àna mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Láníhùn. Ìjókòó! Ẹni tó ń jókòó nílé ọtí láti ìdájí títí adìẹ fi ń wọlé, ta ló tún mọ̀ ọ́n jókòó jù ú lọ?

Ó jókòó. Adìẹ wò ó, òun náà wo adìẹ. Kò pẹ́ ni ọkàn ẹ̀ bá dìde. Ó rántí pé òun ò tíì parí òrùlé Baálẹ̀. Láti orí òrùlé Baálẹ̀, èèyàn ń rí ilé ọtí lókèèrè. Kó tó ṣẹ́jú, ọkàn ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọ ilé ọtí, ó ti kí gbogbo wọn, ó ti ní kí wọ́n bu tòun wá. Láníhùn fà á padà. Ó ní ọmọ òun ni kóun máa rò. Ọmọ òun, ìkómọ, ọtí ìkómọ... ó tún ti débẹ̀! Ó ní ó dáa, òun ò ní ro nǹkan kan. Òun ò ro nǹkan kan, òun ò ro nǹkan kan. Kí wá ni nǹkan náà tóun ò rò? Ọtí ni. Gbogbo ọ̀nà ló já síbẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, eyín ń lu ara wọn.

"Màmá! Mi ò lè ṣe é. Ọkàn mi ò dúró."

Ìyá Ẹfúntọ́lá ń da ọkà fún àwọn adìẹ ìta, kò tiẹ̀ yíjú. "Ta ló ní kó dúró? Ìdí ẹ ni mo ní kó dúró."

"Ó ti lọ sílé ọtí, Màmá!"

"Jẹ́ kó lọ. Ta ló máa bu ọtí fún ọkàn tí ò lẹ́nu? Tó bá rìn tó rẹ̀ ẹ́, á padà wálé. Àmọ́ tó bá dé tí ò bá ìdí nílé, ibo lo fẹ́ kó sùn sí?"

Láníhùn jókòó padà. Nígbà tí adìẹ dìde lọ jẹ, nítorí ìtìjú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó sáré lọ sílé gbé ẹ̀wù òfì tó fi gbéyàwó wọ̀, aṣọ tó nípọn bí ẹní, ó kó ọwọ́ méjèèjì sínú ẹ̀. Tí ọkàn bá lọ, á jẹ́ kó lọ. Tó bá dé, á ní, "Kú àbọ̀, jókòó." Kò ní pẹ́, á tún gbéra. Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn.

Ibi tó ti wá dùn nìyí, ẹ má lọ o. Ọ̀nà odò gba iwájú ilé Ìyá Ẹfúntọ́lá kọjá. Àwọn tó ń lọ pọnmi ń rí ọkùnrin tó wọ òfì, tó jókòó jẹ́jẹ́, tó tẹjú mọ́ adìẹ.

"Ẹ wo Láníhùn! Ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀."

"Ojú ẹ̀ ti dákẹ́ bí omi inú àmù."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹjọ́ wá. Orogún méjì tó ń jà lórí odó wá rojọ́ síwájú ẹ̀. Láníhùn ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ọkàn ẹ̀ wà ní ìdí ìkòkò ọtí. Ó kàn ní, "Hùn-ùn." Ni ìyálé bá kúnlẹ̀: "Òótọ́ lẹ sọ o, bàbá. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ẹ gbọ́ mi bí? Hùn-ùn lásán! Baálẹ̀ fúnra ẹ̀ ní òun á rán ọmọ òun tó ń mutí wá, kó wá wo bó ṣe rọrùn tó.

Rọrùn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Torí gbogbo bí ìlú ṣe ń yin Láníhùn, Àwẹ̀ró ń gbọ́ ọ nínú yàrá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹyin pa, ó jáde sí i tọmọ-tọmọ lẹ́yìn.

"Láníhùn!" Orúkọ ọkọ ẹ̀ gan-an ló pè o, kò pe bàbá ọmọ. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí? Mo bẹ̀ ọ́ títí ojú mi fi wú, o ní apá ẹ ò ká a. Wo bó o ṣe jókòó bí ọba! Á jẹ́ pé o lè fi sílẹ̀ tipẹ́, o kàn fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Ẹyin ì bá à pa, kó má pa, mi ò bá ọ lọ síbì kankan."

Àsìkò yẹn gan-an ni Ṣóbándé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń mu, wọlé dé tòun ti ìgò.

"Ẹni iyì! Ìwọ ni gbogbo ìlú ń sọ. Mo ní kí n gbé díẹ̀ wá, ká fi yọ̀ pé o ti fi ọtí sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín ná. Ọtí ni wọ́n fẹ́ fi kí i kú oríire pé kò mutí mọ́! Ṣóbándé ṣí i, ó gbé e sílẹ̀ láàárín Láníhùn àti adìẹ.

Láníhùn wo ìgò. Ìyàwó ti ní òun ò lọ. Kí ló tún kù tó ń jókòó dè? Ọwọ́ ẹ̀ yọ lábẹ́ òfì, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ.

Ìyá Ẹfúntọ́lá ṣe bí ẹni tí ò rí i. "Àwẹ̀ró, bá mi gbé adìẹ yẹn sókè, kí n wo ẹyin."

"Adìẹ tó jókòó jẹ́jẹ́ yìí?"

"Òun náà ni. Ìjókòó lásán ló kúkú ń ṣe."

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀. Adìẹ pariwo, ó fi ẹnu ṣá a lọ́wọ́. Àwẹ̀ró yí i padà, ni òun náà bá ké. Àyà adìẹ ti bó! Ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ tu ìyẹ́ ibẹ̀ kúrò, kí ara ẹ̀ lè kan ẹyin. Awọ ibẹ̀ pọ́n, ó gbóná bí ìdí ààrò, ó sì rin gbindin.

"Yéè, Màmá! Adìẹ yìí ń làágùn!"

"Ọjọ́ tó ti jókòó ló ti ń làágùn. Ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀."

Àwẹ̀ró wo adìẹ. Ó wo ọwọ́ tó dúró sí ojú ọ̀nà ìgò. Ó rọra gbé adìẹ padà sórí ẹyin, ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ ẹ̀, ó sì ki ọwọ́ kan náà bọ abẹ́ òfì. Bùbá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣeé fún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ọkùnrin náà ń gbọ̀n. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ni ọwọ́ Láníhùn bá padà sínú òfì.

Ìyá Ẹfúntọ́lá gbé ìgò. Ẹ rò pé ó dà á nù? Ìyá yìí! Ó jókòó tì wọ́n, ó na ẹsẹ̀, ó ń fi ọtí ra orúnkún tó ń dùn ún. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O ṣé o, Ṣóbándé. Ẹsẹ̀ yìí ti ń wá ọtí tipẹ́." Imú Láníhùn ń ṣí, imú ń pa dé, ìdí ò kúrò nílẹ̀.

Ẹyin pa. Àwọn kan bàjẹ́ níbẹ̀, bí ẹyin ṣe máa ń ṣe. Láníhùn mú aya àti ọmọ ẹ̀ lọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tí adìẹ kan bá ti sàba nílé àna ẹ̀, ẹ máa bá òun náà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Baálẹ̀ bi í pé, "Ọlọ́kàn bíbalẹ̀, ṣé ọkàn ò lọ sílé ọtí mọ́?"

"Ó ń lọ, Bàbá. Láàárọ̀ yìí ó ti lọ, ó ti bọ̀. Ó kàn ti mọ̀nà ilé ni."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó fa ọmọ ẹ̀ lọ síwájú agbọ̀n adìẹ, ó ní, "Jókòó síbẹ̀. Kò le rárá."

Ẹ ò rí i pé Baálẹ̀ ò gbọ́ òwe? Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ wá sọ fún mi, tinú-tinú ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o: ká ní ẹ̀yin ni Àwẹ̀ró, ẹ̀yin tí wọ́n fi omi dí ọtí orúkọ ọmọ yín, ṣé ẹ máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ òfì yẹn, àbí ẹ máa pọn ọmọ yín padà sínú yàrá?