Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn ní Àgbọnjú

Ní Àgbọnjú, bí ẹnìkan bá ń pàṣẹ lórí ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí, wọn a ní, "Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ̀gá ti ń kọ́ṣẹ́." Ọ̀rọ̀ náà máa ń rú àlejò lójú. Ṣebí àwọn ọmọ tí kò fẹ́ kí tíṣà rí wọn ló ń sá sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn? Kí wá lọ̀gá ń wá níbẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ó nídìí.

Ọ̀gá Fásanyà ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà nígbà kan. Èèyàn dáadáa ni, ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tún tóbi jù ú lọ. Lọ́dọọdún, bí ọlidé bá ti fẹ́ parí, á ránṣẹ́ pe ọ̀mọ̀wé láti ìgboro wá dá àwọn tíṣà rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀mọ̀wé á fi sọ̀rọ̀. Àwọn tíṣà á jẹ ìrẹsì, wọ́n á gba sátífíkéètì, olúkúlùkù á sì padà lọ máa ṣe bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí òjò ṣe ń pa ewé kókò ni: ó ń pa á, kò rẹ ẹ́.

Lọ́dún kan, alábẹ̀wò ìjọba gbé ìwé tuntun fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Wọn ò lè ka ìlà kan. Ó ní bó bá padà dé ní ìparí táàmù tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n kà, òun á gbé Tíṣà Wúràọlá tó ń kọ́ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì odò. Bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ àti ìkókó rẹ̀ wà ní Àgbọnjú.

Ọ̀gá Fásanyà yára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ìyá rẹ̀, tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré, bi í pé kí ló ń ṣòro fáwọn tíṣà náà gan-an. Ó ní òun ò tíì bi wọ́n.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àlàó, bí ìkòkò ọmọṣẹ́ mi bá ń là, ṣé ìgboro ni mo ń ránṣẹ́ sí? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń jókòó sí, màá máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí màá fi rí ibi tó ti ń bàjẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá lọ sí kíláàsì kẹta, ó rọra fìdí lé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì ké, ó sì dá. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá ò dìde. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí láàárín wọn. Tíṣà ka ìlà kan, àwọn ọmọ gbè é bí orin, ó dùn-ún gbọ́. Àṣé ìwé ọwọ́ ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àṣàbí, dorí kodò, ó sì ń kà á lọ geere. Ṣe ló há a sórí. Ẹni tó bá dúró níwájú kò lè rí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gá ò bú ẹnikẹ́ni. Ó bi Tíṣà Wúràọlá pé kí ló nira fún un.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà tí a ò ní. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ mi bí ọmọ ṣe ń so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀. Tíṣà Àjàdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ̀ ọ́n. Ojú ló ń tì mí láti bi í."

Ògiri kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá fa ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún ya. Ní gbogbo Ọjọ́rú, òun fúnra rẹ̀ á bá Wúràọlá dúró ti àwọn ọmọ, kí obìnrin náà lè lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì Àjàdí. Ní Ọjọ́ Ẹtì, Àjàdí náà á wá jókòó lẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n á jọ wo ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Kò pẹ́ tí àwọn tíṣà yòókù fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó kan àwọn náà.

Alábẹ̀wò padà dé lóòótọ́. Bóyá ìkánjú ni o, bóyá ọgbọ́n ni, ó na ìwé tuntun sí Àṣàbí.

Àṣàbí wò ó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé yín dorí kodò."

Ó yí i padà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì rọra kà á dé ìsàlẹ̀. Tíṣà Wúràọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mí. Alábẹ̀wò béèrè pé ọ̀mọ̀wé wo ni wọ́n pè. Ọ̀gá na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi pákó tuntun kàn lẹ́yìn.

Alábẹ̀wò wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó ṣẹ́ agbádá lé èjìká, ó lọ jókòó síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Àgbọnjú ti ń sọ ọ́: bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ̀gá ti ń kọ́ṣẹ́.