Agbẹ́kànga Tó Pa Ẹnu Mọ́

Ní ìlú kan tí omi rẹ̀ máa ń jìnnà sísàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin kan wà tó ń gbẹ́ kànga. Lọ́dún kan, iyẹ̀pẹ̀ ya lù ú nínú kànga, ó sì bò ó dé ọrùn. Wọ́n rí i yọ, kò sì fara pa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, á fò dìde. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á ti sáré lọ síbòmíràn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ìyá arúgbó kan ránṣẹ́ pè é. Kànga ìyá náà ti gbẹ, òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì ní omi mìíràn nítòsí. Ọkùnrin náà kò lè kọ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn agbẹ́kànga ní àṣà kan. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin tàbí kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹni tó di okùn mú lókè lè mọ̀ pé ó wà láàyè. Bí ohùn rẹ̀ bá dákẹ́, fífà ni wọ́n á fà á jáde.

Ọkùnrin yìí sọ̀kalẹ̀. Bí ó ṣe dá orin, ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú sì tì í. "Wọ́n á ní mo ti di ojo," ló rò nínú ara rẹ̀. Ló bá pa ẹnu mọ́, ó ń gbẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí okùn fi gbé e, ó di òkè.

"Kí ló dé?" ni ọ̀gá rẹ̀ tó di okùn mú bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá."

"Kò sí nǹkan kan, lo wá dákẹ́ bí òkú?"

Ó padà sísàlẹ̀, ó tún dákẹ́, wọ́n tún fà á. Ìyá arúgbó wò ó títí. "Ọmọ mi, ṣé kànga lo wá gbẹ́ ni, àbí jangilọ́fà lo wá gùn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Tí o bá tún dákẹ́, ẹlòmíràn ni màá sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn.

"Ta ni kò mọ̀? Èmi tí mo di okùn mú, ṣé ọkàn mi balẹ̀ ni? N kò ní kí ẹ̀rù má bà ọ́. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Ó tún sọ̀kalẹ̀. Orin kankan kò wá sí i lẹ́nu. Ló bá pariwo, "Ẹ̀rù ń bà mí o!"

"À ń gbọ́ o!" ni wọ́n dáhùn lókè.

Ó gbẹ́ díẹ̀. "Ó ṣì ń bà mí o!"

"A ò tíì lọ o!"

"Jẹ́ kó máa bà ọ́," ni ìyá arúgbó ké sí i, "ṣáà máa gbẹ́ ẹ!"

Ẹ̀rù náà kò lọ. Bí erùpẹ̀ bá já lé èjìká rẹ̀, á ta gìrì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ òun ń tutù. Omi ti ń sun.

"Ẹ̀rù ń bà mí o!" ló pariwo. "Ẹ sọ korobá kalẹ̀!"

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o ti ń dúró kí ẹ̀rù kọ́kọ́ lọ kí o tó dìde. Bí àwọn ará ilé rẹ bá bi ọ́, o ní kò sí nǹkan kan, wọ́n sì ń wo ojú rẹ, ọkàn wọn kò balẹ̀. Ẹ̀rù náà lè má lọ lónìí. Sọ fún wọn pé ó ń bà ọ́. Lẹ́yìn náà, mú iṣẹ́ rẹ ṣe.