Igẹ̀ Tí A Kò Fún Igbó Rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìdí-Àfọ̀n, ọkùnrin, obìnrin, ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí omi odò ṣì ń kán lára yín! Mo rí i pé igbá owó igbó ti dé àárín agbo, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn níbẹ̀ yẹn pé, "Kí ni igbó fẹ́ fi owó ṣe? Ṣé igbó ń jẹ iyán ni?" Ẹ gbé igbá yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ajíbọ́dẹ tó fi ọwọ́ òsì fa ẹkùn nírù, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́sànmí tó ń han-run tí kìnnìún fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun náà rí oorun sùn. Bí mo bá wúkọ́, ọ̀bọ á já bọ́ lórí igi. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi ọ̀bọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbó Ojúòtó yìí ni ibi ìgbafẹ́ wa. Kò sí ọjọ́ ọdún tí ìlú kì í tú lọ wẹ̀ nínú odò rẹ̀, àwọn àgbà á na ẹsẹ̀ lábẹ́ ìrókò, ẹtu á dúró máa wò wá láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwa ọdẹ kò mọ̀wọ̀n. A pa akọ, a pa abo, a pa aboyún ẹran, a sì tún pa èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Èmi gan-an wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí ẹran tán, iwin gba igbó, odò gbẹ, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò sì débẹ̀ mọ́. Ni Ọba Adétẹ̀yẹ bá ní òun yóò tà á fún àwọn agẹdú, àwọn tó ń la igi ní pákó, ọjọ́ karùn-ún ni wọn yóò sì dé. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo gba ààfin lọ, mo ní, "Kábíyèsí, bí mo bá bá onígbó sọ̀rọ̀, tí ẹran padà ńkọ́?" Kábíyèsí ní, "Bí o bá lè ṣe é kí ọjọ́ tó pé, agẹdú á padà lọ́wọ́ òfo."

Bí mo ṣe ń jáde ni Olóyè Ajéwọlé, ọlọ́rọ̀ ìlú wa, gbé àpò owó kan kọ́ mi léjìká. Ó ní, "Bá mi fi san gbogbo ohun tí onígbó bá béèrè tán. Kí wọ́n ṣáà máa pe igbó náà ní igbó Ajéwọlé." Mo rò pé orí ire ló gbé mi pàdé rẹ̀. Mo gbé ìbọn bàbá mi, ó di igbó!

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan! Mo rí Aforírìn tó ń fi orí rìn, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbe òjò. Mo rí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tó ga débi pé àṣá kọ́ ìtẹ́ sí ihò imú rẹ̀. Mo rí Olójú-Ìpàkọ́ tó ń rẹ́rìn-ín síwájú, tó ń sunkún sẹ́yìn. Mo rí àwọn iwin kéékèèké tí wọ́n fi tàkúté ṣe ẹ̀gbà ọrùn, tàkúté tí èmi fúnra mi dẹ! Lẹ́yìn wọn ni Ẹlẹ́nu-Méje, baba gbogbo wọn, tó fi ikùn dí ọ̀nà pa.

Gbogbo ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ta ni ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò yìí?"

Mo ní, "Ẹlẹ́nu púpọ̀ aláìlọ́gbọ́n! Èmi ni egungun tó há bàbá rẹ lọ́fun. Kí n tó bá ọ jà, sọ fún mi, èwo ni ọba nínú ẹnu méjèèje?"

Háà! Ọ̀tún ní òun ni, òsì ní irọ́ ni, ti àárín bu ti òkè jẹ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara wọn jẹ títí ó fi ṣubú lulẹ̀ gbì, àwọn yòókù sì fọ́n ká.

Etí odò gbígbẹ ni mo ti bá Ìyá Onígbó, ara ènìyàn, orí ẹtu, koríko tútù kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àpò síwájú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta á nù. Ó ní, "Owó ẹnìkan nìyí. Ẹni tó bá dá san án ni yóò dá ni ín. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọdẹ, bí ẹ bá pa ẹran, ta ni ẹ ń fún ní igẹ̀?"

Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Olórí ọdẹ ni, torí òun ló ń dáàbò bò wá. Mi ò jẹ igẹ̀ olórí ọdẹ rí láyé mi."

Ó ní, "Ta ló bọ́ ẹran náà? Ta ló fún un lómi mu? Igẹ̀ tèmi dà?"

Èmi tí mo dá ẹnu méje lóhùn, mo sorí kọ́. Ìtìjú mú mi, mo sunkún.

Ó ní, "Gbogbo ilé tó jẹ nínú ẹran mi, kí wọ́n mú owó igẹ̀ mi wá lọ́dọọdún, kálukú bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe tó. Kí ẹ fi gba olùṣọ́, kí ẹ fi gbin igi, kí ẹ fi tún ọ̀nà àti afárá ṣe kí àwọn ọmọdé lè rí ibi ṣeré. Bí ilé kan bá kù, mo ti lọ nìyẹn. Kí lo fi dógò?" Mo wo ìbọn bàbá mi, n kò ní ohun tó wù mí jù ú lọ. Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo sì sáré padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo wọ ìlú, ayùn agẹdú ti ń dán létí igbó. Mo jíṣẹ́ tí Ìyá Onígbó rán mi, Ọba kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá sétí igbó, gbogbo ilé tẹ̀ lé e, àfi ilé Ajéwọlé tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ó ní, "Mo fẹ́ dá a san, ẹ kọ̀." Mo ní, "Ajéwọlé, lọ́jọ́ tí o fẹ́ rì sínú odò Ojúòtó, tí mo fà ọ́ jáde, ǹjẹ́ orúkọ ẹnìkan wà lára omi yẹn?" Ó ṣí ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ru tirẹ̀ tẹ̀ lé mi. Bí ó ti gbé e kalẹ̀ létí igbó báyìí ni a gbọ́ omi tó ń ṣàn, tí ẹtu méjì yọ orí láàárín ewé! A hó yèè! Ọba ní kí agẹdú máa lọ, àwọn náà sì kó ayùn wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ igbó yìí, ìbọn bàbá mi sì wà lọ́dọ̀ Ìyá Onígbó títí dòní. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí gbogbo wa jọ ń gbádùn, gbogbo wa ló yẹ ká jọ máa bọ́. Èmi ti fi tèmi sílẹ̀. Ìwọ tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan, irun rẹ ṣì tutù fún omi odò. Ẹ gbé igbá náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.